Apá Ọ̀tún fún Pọ́ǹpù Mísbáù

Bọ́ládé, Òṣòdì. Ọ̀sán gangan. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà gbọọrọ kan ya ẹnu bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ níwájú ìsọ̀ Àjàmú jórinjórin. Mísbáù tó ni ọkọ̀ dúró tì í, apá méjèèjì ń ro ó bí apá ẹni tó gúnyán fún odidi àdúgbò. Sítíárìn ló fà á. Ó le. Ó le ju ojú àna lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, apá mi ò ká sítíárìn yìí mọ́. Mo ti ra pọ́ǹpù tó máa mú un rọ̀. Ẹ bá mi fi irin ṣe apá kékeré kan tó máa gbé pọ́ǹpù náà dúró lára ẹ́ńjìnnì."

Àjàmú gba pọ́ǹpù. Ó yí i wò. Ó fi etí sí i.

"Pọ́ǹpù? Nínú mọ́tò? Àbúrò, èyí tí wọ́n rì sí àdúgbò wa ní Ìsọlọ̀, láti ọjọ́ tó ti débẹ̀, ó kàn ń kùn ni. Kò tíì pọ omi rí."

"Kì í ṣe ti omi. Epo ló ń lò."

"Ẹ wo ayé! Owó epo dé, omi gbẹ, epo ló tún kù tí ẹ̀rọ ń pọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ti sítíárìn ni! Tó bá ti ń ṣiṣẹ́, ìka kan ni n ó máa fi yí ọkọ̀."

"Ìka kan? Kí lo wá fẹ́ fi mẹ́sàn-án tó kù se?"

Mísbáù mí kanlẹ̀. Bàbá Bàṣírátù, àna rẹ̀ lọ́la bí Ọlọ́run bá fẹ́, ń retí rẹ̀ ní Ìsọlọ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Bàbá náà ti wọ ọkọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé kọ́nà, àtòun àti Mísbáù ni wọ́n jọ so rọ̀ mọ́ sítíárìn. Agbádá bàbá ya. "Mísbáù," bàbá wí bó ti ń sọ̀ kalẹ̀, "bí mo bá tún bá ọ fa nǹkan yìí, lọ wá ìyàwó síbòmíràn."

"Ẹ̀gbẹ́ wo ni kí n se é sí?" Àjàmú bi í. Ó ti tan ẹ̀rọ tó fi ń gé irin.

"Ọ̀tún!" Mísbáù pariwo. "Apá ọ̀tún!"

Wììììì. Iná ń fò. Mísbáù dijú. Ìgbà tó fi máa là á, apá irin ti wà lára ẹ́ńjìnnì. Ó ń dán. Ó rẹwà. Ẹ̀gbẹ́ kejì ló wà.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fi sínú ọkọ̀ mi yìí?"

"Òsì."

Mísbáù káwọ́ lérí. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Àjàmú. Ẹnu rẹ̀ àti "ṣ" kò rẹ́ rí.

"Òṣì! Nínú ọkọ̀ tí mo fẹ́ fi gbé àna!"

"Òsì kọ́. Òsì ni!"

"Èwo nínú méjèèjì?"

"Òsì ọwọ́ ni mo wí."

"Yéè! Òṣì tó bá dé ọwọ́ ló burú jù!"

"Ọwọ́ tí o kì í fi jẹun, àbúrò!"

"Áà. Òsì."

"Kí ni mo ti ń wí látàárọ̀?"

"Ṣùgbọ́n ọ̀tún ni mo ní kí ẹ ṣe."

"Ọ̀tun náà ni mo se. Wò ó, irin tí ẹnikẹ́ni ò lò rí."

"Ọ̀tún! Kì í ṣe ọ̀tun!"

"Sé ògbólógbòó lo fẹ́ ni?"

"Ọwọ́ tí mo fi ń jẹun, ẹ̀gbọ́n!"

Àjàmú dúró kojú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó na ọwọ́ ọ̀tún. Ó wọ inú ọkọ̀, ó jókòó, ó tún nà án. Ojú rẹ̀ dàrú.

"Mo dúró, ọ̀tún mi wà lọ́hùn-ún. Mo jókòó, ó ti sá wá síhìn-ín. Àbúrò, láti ọjọ́ tí ìjọba ti ní kí gbogbo wa fi òsì sílẹ̀ ni nǹkan ti dàrú."

"Ta ló ti fi òṣì sílẹ̀? Ní Òṣòdì yìí?"

"Òsì títì! Tí mọ́tò ń gbà tẹ́lẹ̀!"

"Ẹ jẹ́ ká fi títì sílẹ̀. Ibi tí bẹ́líìtì wà ni kó wà, torí bẹ́líìtì ló ń yí pọ́ǹpù. Bátìrì ló wà níbi tẹ́ ẹ fi í sí."

"Kí bátìrì bá a yí i."

"Ẹ̀gbọ́n!"

"Ó dáa. Jẹ́ n dorí ẹ̀ kodò. Á kọjú sí ọ̀tún."

"Epo inú ẹ̀ á dà sílẹ̀."

"Kó dà. Sé Nàìjíríà ò lépo ni?"

Wọ́n dorí ẹ̀ kodò. Bẹ́líìtì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì kan péré ló wọlé, pọ́ǹpù sì ń mì jìgìjìgì bí eyín arúgbó. Àjàmú gbé irin ìjórin. Pàá. Iná lọ.

"Ìgbà wo ló máa ń dé?"

"Ó lè dé lónìí. Ó lè dé lọ́jọ́ Iléyá."

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Mísbáù ki ọwọ́ ọ̀tún bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó di pọ́ǹpù mú gírígírí. Àjàmú bọ́ sídìí sítíárìn, ó tan ọkọ̀, ó fi ìka kan tì í. Táyà yí wẹ́rẹ́.

"Ó rọ̀, àbúrò! Ó rọ̀ bí àkàsù!"

Mísbáù fọwọ́ sílẹ̀. Sítíárìn gan. Ó tún dì í mú. Ó rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ fún mi pé..."

"Apá ti dé. Ọ̀tún sì ni, bó o se fẹ́ ẹ gan-an. Ó yá, wọlé síbẹ̀. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni, àyè pọ̀. Mú fìlà wá kó má baà dọ̀tí."

Mísbáù ká ara rẹ̀ kò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì bí ológbò. Bọ́nẹ́ẹ̀tì bò ó. Ọkọ̀ rọra gbéra, ó dorí kọ Ìsọlọ̀. Ohùn kan jáde lábẹ́ irin.

"Ẹ̀gbọ́n! Tí bàbá bá bèèrè ọkọ, kí lẹ máa sọ?"

"N ó ní kí wọ́n bọ́ síta wá wò ó, ó gbọọrọ."

"Ọkọ ni mo wí! Kì í ṣe ọkọ̀!"

Àjàmú wo ara rẹ̀ nínú díńgí. Ó tẹ fìlà Mísbáù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Áà, ọkọ? Ìyẹn ló ń wà á bọ̀ yìí."