Sagbo Oníyọ̀ Ní Kí Wọ́n Fi Ènì Sí Ojú Òun

"Olè! Ta ló jí ogún nínú ojú mi?"

Sagbo oníyọ̀ ló ń ké bẹ́ẹ̀ nílé ìwòsàn kan lẹ́bàá Aradagun, nígbà ìjọba sọ́jà, tí iyọ̀ wọ́n bí ojú.

Dókítà Gbádéyan ló gbé ẹ̀rọ méjì dé. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá iye kan náà ni méjèèjì máa sọ tí wọ́n bá fi wọ̀n bí iwájú ẹyinjú àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà ṣe nípọn tó. Ẹni tó bá gbà kí wọ́n wọn òun, ọ̀fẹ́ ni wọn ó ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un.

Sagbo nílò ẹ̀. Ojú ti bàjẹ́ débi pé ewúrẹ́ ló ń kí ní ẹ káàárọ̀ mà.

Ẹ̀rọ kìíní ya ojú ẹ̀ ní fọ́tò. Iná kọ mànà! Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé ogójì.

Ìkejì rí bíi bírò, ó kan ẹyinjú, ṣín! Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé ogún. Ogún ti dín, ni Sagbo bá figbe olè ta.

Dókítà ní, "Bàbá, ẹ fara balẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni mo wá wò."

"Ìyàtọ̀ wo? Kóńgò yín ló tẹ̀ nídìí!"

Ẹ gbọ́ o! Sagbo! Sagbo tó fi òòlù lu ìdí kóńgò iyọ̀ ẹ̀ wọnú títí ó fi dà bí àwo pẹrẹsẹ! Ẹ̀rín ń pa mí!

Ó yọ́ lọ bá Nọ́ọ̀sì Gbémisọ́lá tó ń kọ iye sílẹ̀.

"Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ fi ènì sí i fún mi."

"Ènì kẹ̀? Sí ojú?"

"Ẹ sọ méjèèjì di ẹgbẹ̀ta. Iyọ̀ rèé."

Nọ́ọ̀sì wo ọ̀tún, ó wo òsì. Fìrì! Iyọ̀ wọ báàgì, ẹgbẹ̀ta wọ ìwé.

Sagbo padà lọ jókòó, ó wú bí ọ̀pọ̀lọ́.

Nígbà tí dókítà wọn àwọn tó kù lórí bẹ́ǹṣì tán, tí iye ti pọ̀ kọjá ohun tó lè rántí, ó gbé ìwé wò.

"Bàbá Sagbo, ẹ máa lọ sílé."

"Ojú mi ti là ni?"

"Ó ti wú ni. Ìtọ̀ ṣúgà ló ń mú un wú. Tó bá ti tó ẹgbẹ̀ta, n kì í fi ọ̀bẹ kàn án."

Gbìì! Sagbo ti wà lórí eékún.

"Dókítà, irọ́ ni! Mo rà á ni! Iyọ̀ ni mo fi rà á! Ẹ bá mi yọ ọgọ́ta kúrò, ẹ jọ̀ọ́!"

Dókítà yíjú sí nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ń wo àjà.

Kí nọ́ọ̀sì tó lanu, gbogbo bẹ́ǹṣì ti dìde.

"Ẹyin mẹ́fà ni mo fi ra tèmi!"

"Ẹja gbígbẹ lèmi!"

"Dókítà, èmi ò ní ìtọ̀ ṣúgà o. Mo rí ìlà, mo tò sí i. Mílíìkì dà?"

Dókítà fa ìwé ya, fàà!

"Ẹ lọ tò padà! Ẹni mẹ́wàá péré ni mo máa wọ̀n!"

Gìrìgìrì! Sagbo sáré títí, ó rí ẹni gíga kan, ó tò sẹ́yìn ẹ̀. Inú ẹ̀ dùn, òun ló ṣìkejì.

Ó dúró. Ó dúró. Ìlà ò sún.

"Ará mi, ẹ sún síwájú."

Sagbo wúkọ́ sí i lẹ́yìn.

"Àbí odi ni yín? Ọmọ ta nìyí tí ò lẹ́kọ̀ọ́?"

Òpó ilé ni.