Ọ̀gá Funfun Gbé Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Wọlé

Ẹ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ kò bá tíì rí i, ẹ ó ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọ̀gá Funfun ni wọ́n ń pè é, Aláṣọ-kì-í-rí-eruku, Arìn-bí-ẹni-tí-wọ́n-ń-ya-fọ́tò-rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé, kò wọ aṣọ aláwọ̀ mìíràn mọ́. Kóòtù funfun, ṣòkòtò funfun, bàtà funfun. Bí ọmọdé bá fẹ́ kí i, òkèèrè ló ti gbọ́dọ̀ kí i, nítorí ọwọ́ ọmọdé lè lépo.

"Méje ni mo ní," ló máa ń sọ fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í. "Ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀."

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ pé ọ̀kan péré ni. Ẹni náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Alágbàfọ̀. Òun ló ń fọ ọ̀kan ọ̀hún nírọ̀lẹ́, òun ló ń lọ̀ ọ́ láàárọ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Àbúrò rẹ̀ ni, kí ló fẹ́ ṣe?

Ilé bàbá wọn ni àwọn méjèèjì ń gbé, ilé àtijọ́ tí àtẹ̀gùn rẹ̀ máa ń ké bí èèyàn bá gùn ún. Abẹ́ àtẹ̀gùn yẹn ni ibi ìfọṣọ wà. Ká má parọ́, ibẹ̀ kò dára. Èèyàn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé, ilẹ̀ rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ sọ́nà ẹnu ọ̀nà, páìpù rẹ̀ sì ti dógùn-ún. Ṣùgbọ́n ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí Ìyá Alágbàfọ̀ ti mọ bí òun ṣe ń bá a ṣe. Ó ki bíríkì mẹ́rin sábẹ́ báàfù ńlá rẹ̀ kó lè dúró déédéé. Ó so àkísà mọ́ ẹnu páìpù kó lè máa gba ìdọ̀tí. Láràárọ̀, garawa omi mẹ́ta àkọ́kọ́, ó ń dà á nù ni. Ẹ̀kẹrin ló ń fi fọṣọ. Ibẹ̀ ló ti fọ aṣọ olówó, tó fi rán àbúrò rẹ̀ lọ sílé ìwé.

Nígbà tó yá, ìgbìmọ̀ àdúgbò ń wá alága tuntun. Wọ́n ní àwọn yóò yẹ ilé ẹni tó bá fẹ́ ipò náà wò, torí ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ni alága yóò máa bójú tó. Ta tún ni wọn ìbá fi ṣe é bí kò bá ṣe Ọ̀gá Funfun? Òun fúnra rẹ̀ ló béèrè bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ bá mi kó ẹrù yín kúrò lábẹ́ àtẹ̀gùn kó tó di Sátidé."

"Kí n kó o lọ síbo?"

"Ẹ̀yìnkùlé kúkú gbòòrò."

"Omi ò sí lẹ́yìnkùlé, àbúrò mi. Iṣẹ́ mi wá ńkọ́?"

"Ẹ máa sinmi ni. Ẹ̀rọ ni yóò máa fọṣọ nílé yìí. Ṣé kí àwọn èèyàn ńlá wá bá ẹ̀gbọ́n alága níbi tó kúnlẹ̀ sí nínú ọṣẹ?"

Ó dun Ìyá Alágbàfọ̀ wọra. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ló dùn ún tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ yẹn ni. Omi lé sí i lójú, ó fi etí ìró nù ún, ó sì kó báàfù rẹ̀ jáde.

Ẹ̀rọ dé lọ́jọ́ Jímọ̀, ó tóbi, ó ń dán. Ẹ̀rọ tó ń fọ, tó tún ń gbẹ aṣọ ni. Ọ̀gá Funfun fa àkísà já lẹ́nu páìpù. Ó fi áńkáṣíìfù di àwọn bíríkì mú lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni gbé òkú eku, ó kó wọn lọ sẹ́yìn ọgbà.

"Àbúrò mi, bíríkì yẹn..."

"Ẹ̀rọ kì í jókòó sórí bíríkì. Ìwé wà nínú páálí rẹ̀, mo ti kà á."

"Omi àkọ́kọ́ tó máa ń..."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rọ mọ omi tó fẹ́!"

Ìyá Alágbàfọ̀ bá tirẹ̀ lọ. Ó ti gbìyànjú.

Aago mẹ́wàá Sátidé ni ìgbìmọ̀ fi àdéhùn sí. Ọ̀gá Funfun ti ro gbogbo rẹ̀ pé: yóò ki aṣọ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ ní aago mẹ́jọ, tí wọ́n bá dé, yóò yọ ọ́ lójú wọn, gbígbẹ, gbígbóná, yóò sì gbé e wọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ẹyọ kan, tó sì ti kì í sínú ẹ̀rọ, kí ni yóò wọ̀? Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fa ìró olódòdó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí okùn, ó ró o mọ́ àyà, ó sì ti ìlẹ̀kùn mọ́rí lábẹ́ àtẹ̀gùn.

Aago mẹ́sàn-án kò tíì lù tí àwọn ìgbìmọ̀ fi dé, àwọn márùn-ún. Màmá Agbẹ̀bí ló ṣáájú wọn, ó gbé ìwé dání. Ìyá Alágbàfọ̀ gbé àga fún wọn lágbàlá.

"Ọ̀gá dà?"

Ohùn dáhùn lábẹ́ àtẹ̀gùn. "Ẹ káàbọ̀ o! Mò ń bọ̀! Ẹ má ṣe wá síhìn-ín o!"

Àsìkò náà gan-an ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í fún aṣọ. Gbì. Gbì-gbì. Gbì-gbì-gbì-gbì.

"Dúró! Mo ní kí o dúró!"

"Ta ló ń bá jà?" Màmá Agbẹ̀bí béèrè.

Ìlẹ̀kùn ṣí gbàgà. Ẹ̀rọ ń fò bọ̀ níta, Ọ̀gá Funfun sì dì mọ́ ọn lẹ́yìn pẹ̀lú ìró olódòdó. Wáyà rẹ̀ já níwájú Màmá Agbẹ̀bí, ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tó wá kí i. Ìlẹ̀kùn ẹ̀rọ là, omi pupa ya jáde, kóòtù sì tẹ̀ lé e, ó pọ́n bí tíì tí wọn ò bu mílíìkì sí.



"Kò burú, ọ̀gá," ni télọ̀ tó wà nínú ìgbìmọ̀ wí. "Ẹ lọ wọ ọ̀kan nínú mẹ́fà tó kù. A ó dúró dè yín."

Ọ̀gá Funfun tún ìró ró mọ́ àyà. "Mẹ́fà tó kù... wọ́n wà lọ́dọ̀ alágbàfọ̀."

Gbogbo wọn yíjú sí Ìyá Alágbàfọ̀.

"Lọ́dọ̀ mi kẹ̀?" ó ní. Kò rò ó kó tó sọ ọ́. "Ọ̀kan yìí náà kọ́ ni mò ń fọ̀ lójoojúmọ́ láti ọdún mẹ́ta?"

Télọ̀ bú sẹ́rìn-ín, àwọn yòókù bá a dá sí i. Àánú àbúrò rẹ̀ ṣe Ìyá Alágbàfọ̀ díẹ̀, kò pọ̀. Ó mú kóòtù nílẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ó ṣì lè mọ́," ó ní, "bí mo bá ní ibi tí mo ti máa fọ̀ ọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ padà síbẹ̀, ẹ̀yin lẹ ni ín."

"Bíríkì mi dà?"

Ọ̀gá Funfun wo ọ̀nà ẹ̀yìn ọgbà. Iwájú àwọn ìgbìmọ̀ ló máa gbà kọjá. Ó fi ọwọ́ kan di ìró mú kó má baà tú, ó fi ọwọ́ kejì gbé bíríkì, ẹyọ kan, ó padà lọ gbé òmíràn. Kò rí áńkáṣíìfù lò lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tó gbé ẹ̀kẹrin kọjá, Màmá Agbẹ̀bí ti pa ìwé rẹ̀ dé, ó sì ká ẹsẹ̀ kò kó lè ráyè kọjá.

Ó gbé e kalẹ̀, ó ń mí hẹlẹ.

"Àkísà mi ńkọ́?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.