Irin Ńlá Tí Kò Sẹ́ni Tó Mọ Iṣẹ́ Rẹ̀

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lánàá, ọkùnrin mẹ́jọ ló sì fi okùn fà á wọlé. Irin ńlá kan ni. Ìpẹtà ti bò ó, àgbá kẹ̀kẹ́ ràgàjì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó lanu sókè bí ẹni tí ebi ń pa, kò sì sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Aránṣọ tó ni ín tẹ̀lé e wọlé, ó kúnlẹ̀. Opó ni. Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni ọ̀rọ̀ irin yìí ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

Baálẹ̀ sún ìdí lórí àga rẹ̀. "Ìyá, ta lẹ pè lẹ́jọ́?"

"Àbúrò ọkọ mi ni, wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀, tó dúró yìí. Baálẹ̀, bàbá àwọn ọmọ mi gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi fún oníṣòwò kan, ó fi gba irin yìí. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé irin náà ló máa bọ́ wa. Kó tó ṣàlàyé bó ṣe máa bọ́ wa, ọlọ́jọ́ dé. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní wèrè. Èmi náà pè é bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí dòní. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni, àbí ó mọ ohun tó ń ṣe. Ibi tí mo ti ń wádìí ni mo ti rí i pé wẹ́dà ti tú nǹkan kan nínú rẹ̀ lọ."

"Wẹ́dà, ṣé lóòótọ́ ni?"

"Baálẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló rán mi."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ti kú?"

"Òun náà ni. Ó wá bá mi lójú àlá. Ó ní kí n tú irin pẹlẹbẹ kan nínú rẹ̀, kí n fi ṣe èèyàn pàtàkì lóore."

"O ò wá bi í pé kí ni irin ọ̀hún ń ṣe?"

"Ó ti lanu báyìí tó fẹ́ sọ ọ́, àkùkọ bá kọ."

Aránṣọ yíjú sí i. "Ọkọ mi kékeré, ṣé ẹ̀gbọ́n yín tí kì í yá yín ní òòlù nígbà tó wà láyé ló wá ń fún yín ní irin lójú oorun?"

"Ikú máa ń yí ìwà padà, ìyàwó wa."

Àwọn ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ kò rín. Ó tún sún ìdí, ó ní kí wọ́n pe àwọn ẹlẹ́rìí.

Bíríkìlà ló kọ́kọ́ dé. "Kọnkéré ni wọ́n fi ń pò. Ẹnu rẹ̀ yìí ni sìmẹ́ńtì ń gbà wọlé."

"Ìsàlẹ̀ rẹ̀ là gbàràgàdà. Omi kọnkéré ò ní dà nù?"

"Wọ́n máa pò ó kó gan ni, Baálẹ̀."

"Irọ́ ni," dírẹ́bà kan já lu ọ̀rọ̀. "Títì ni wọ́n fi ń tẹ̀. Àgbá kẹ̀kẹ́ tó máa tẹ̀ ẹ́ nìyẹn."

"Àgbá kẹ̀kẹ́ náà ò kanlẹ̀," Baálẹ̀ fèsì.

"Títì tó bá ga ni."

"Ọ̀rọ̀ tìẹ náà ò kanlẹ̀. Kò séyìí tó rí irin nínú yín, iṣẹ́ ọwọ́ yín lẹ ń rí."

Baálẹ̀ fi ìbínú dìde, ó lọgun, ó gbá ìdí mú. Ìrọ̀rí tó wà lórí àga jábọ́. Aránṣọ rí ojú àga náà: irin pẹlẹbẹ ni, ó ní eyín gbágungbàgun. Ó wo inú ẹnu ẹ̀rọ. Irú irin kan náà wà lápá kan, àyè apá kejì ṣófo. Ẹni tó ti ń so apá aṣọ méjì pọ̀ láti ìgbà èwe kò ní kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé.

"Baálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ta ló fún yín ní àga yìí?"

Wẹ́dà ti ń fẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀.

"Wẹ́dà ni," Baálẹ̀ dáhùn. "Láti ìgbà tí mo ti ń jókòó lé e ni mi ò ti lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Mo rò pé ọjọ́ ogbó ló dé."

Wọ́n ní kí wẹ́dà gé ẹsẹ̀ àga náà, kó sì dá irin padà sáyè rẹ̀. Ó bá a mu rẹ́gí. Aránṣọ ju òkúta kan sẹ́nu ẹ̀rọ, wẹ́dà yí àgbá kẹ̀kẹ́. Ẹ̀rọ náà dún gbàràmù, òkúta sì ń jáde nísàlẹ̀ ní wẹ́wẹ́, irú èyí tí àwọn bíríkìlà ń fowó rà.

Aránṣọ bu òkúta wẹ́wẹ́ náà sọ́wọ́. "Òkúta ló kún ilẹ̀ tó rà fún wa. Àgbàdo ò hù níbẹ̀, mo sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ó máa ń ní kí n má bínú sí àwọn òkúta wọ̀nyẹn." Ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ forí jì mí. Ẹ ò ya wèrè."

Ìjòyè kan mi orí. "Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Ọkùnrin yìí da omi, àwa ni ò mọ̀ pé omi ni."

Baálẹ̀ dájọ́ lórí ìdúró. "Wẹ́dà, ìwọ ni wàá máa yí àgbá kẹ̀kẹ́ yìí títí òkúta ilẹ̀ ìyàwó yín á fi tán."

"Baálẹ̀, òkúta ibẹ̀ ò lè tán láyé mi."

"Àwọn ọmọ rẹ á bá ọ parí ẹ̀. Bíríkìlà, ìwọ lo máa kó o sọ́kọ̀. Dírẹ́bà, ìwọ lo máa wà á lọ. Ẹrù àkọ́kọ́, ẹ̀rọ ìránṣọ ni kẹ́ ẹ fi gbà fún Ìyá. Ní tèmi, mi ò ní àga mọ́. Lọ́jọ́ ìgbìmọ̀, ẹ̀yìn wẹ́dà ni n ó máa jókòó lé. Ìyá, tí ẹ̀rọ yín bá dé, tìmùtìmù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rán fún mi, ẹ má sì fi òwú ṣahun."

Aránṣọ dúpẹ́. Ó fa téèpù yọ ní ọrùn, ó lọ bá wẹ́dà.

"Ọkọ mi kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀, kí n wọn ẹ̀yìn yín."