Àpótí Tó Ń Yí Ẹyin Láìsinmi

Àná ni ẹjọ́ àpótí já lé Baálẹ̀ abúlé wa lọ́wọ́, lẹ́bàá Lálúpọn níbí, ojú mi sì ni gbogbo ẹ̀ ṣe. Ẹyin tí wọ́n tìtorí ẹ̀ pe ẹjọ́ gan-an, orí itan èmi Àbíkẹ́ ló wà, nínú agbọ̀n, pẹ̀lú ike omi gbígbóná, mo fi ìró bò ó. Itan tó ti tutù láti ọjọ́ tí bàbá àwọn ọmọ mi ti kú, ó tún ríṣẹ́ ṣe.

“Fàdìlàt, kí ni wọ́n ṣe fún ọ?” Baálẹ̀ bi olùfisùn.

“Bàbá, ẹ mọ àpótí mi tó ń bá adìẹ sàba. Mahfuz ló ṣe é. Ó ń mú ẹyin gbóná, ó sì ń fi mọ́tò kékeré yí àwo ẹyin lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí abiyẹ ṣe ń fẹnu yí i. Kò yọ mí lẹ́nu rí. Àfi ìgbà tí àrá sán lọ́jọ́sí, tó jó áísì inú ẹ̀, ọpọlọ àpótí nìyẹn. Irú ẹ̀ ò sí n'Ìbàdàn mọ́, irú mìíràn ni mo rí rà. Mo gbé e fún Mahfuz, ó ní àfi kóun bẹ̀rẹ̀ látorí a-b-d. Mo dúró títí, tòlótòló mi ti yé ẹyin jọ, kò sì ní sàba. Ni mo bá gbé e fún Ishaq, ẹnìkejì ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wọn l'Ẹgbẹ́dá. Ishaq ṣe é tán kí oòrùn tó wọ̀, mo to ẹyin sí i. Ilẹ̀ mọ́, mo bá àwo ẹyin tó ń yí, tó ń yí, kò sinmi. Ìdajì ẹyin ti fọ́. Ìyókù ló wà lórí itan Ìyá àgbà yẹn. Tí àpótí ò bá ṣiṣẹ́ lónìí, ó tán nìyẹn.”

Ọ̀tún Baálẹ̀ kọjú sí Ishaq. “Wọ́n ní o yí ẹyin bí ẹni ń yan gàrí.”

“Bàbá, ẹ̀bi mi kọ́. Sí ni mo fi kọ ọ́.”

“Kí ló ń jẹ́ Sí?”

“Èdè tí a fi ń rán áísì níṣẹ́ ni, Bàbá. Ó fara jọ ọ̀rọ̀ ènìyàn. Ẹ ó kọ ohun tí ẹ fẹ́, ògbufọ̀ kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí yóò tú u sí èdè tí áísì gbọ́. Áísì àtijọ́ ni o, tuntun ni o, ògbufọ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí tèmi fi yá.”

“Ẹyin tó fọ́ ńkọ́?”

“Mo ní kó yí àwo díẹ̀, kó wá máa ka ení, èjì, ẹ̀ta lásán, kó tó tún yí i. Kíkà yẹn ni ìsinmi. Ògbufọ̀ wò ó, ó ní kí lẹni yìí ń kà tí kò rí nǹkan kan kà, ọ̀lẹ ni. Ó pa á rẹ́, kò sì sọ fún mi.”

“Ta ló ní kó wá ọ̀lẹ kiri?”

“Èmi ni, Bàbá. Mo ní kó mú iṣẹ́ yá.”

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ike omi gbígbóná yẹ̀, ó kàn mí níbi tí mi ò lè sọ láàfin.

Mahfuz ti na ọrùn. “Ìdí tí èmi ò fi ń rán ògbufọ̀ nìyẹn, Bàbá. Asẹ́ńbílì ni tèmi. Ẹnu áísì ni mo fi ń bá áísì sọ̀rọ̀: gbé eléyìí, jù ú síbẹ̀, fò lọ sókè. Tí mo bá ní kó kà lásán, á kà lásán. Ó kúrú, kì í sì í jẹ bátìrì sólà.”

“O ò wá tún un kọ?”

“Áísì tuntun yìí, ẹnu ọ̀tọ̀ ló ní. Gbogbo ohun tí mo kọ tẹ́lẹ̀, kò gbọ́ ọ̀kan níbẹ̀.”

“Ẹ ní kó ka ti tẹ́lẹ̀ náà fún yín, Bàbá,” Ishaq dá sí i, ó na fóònù tí ohun tí Mahfuz kọ wà lójú ẹ̀ síwájú.

Baálẹ̀ wọ gíláàsì, ó fọwọ́ kan ìlà kan. “Kí lèyí ń ṣe?”

Mahfuz wò ó. Ó súnmọ́ ọn. Ó wò ó bí ẹni pàdé àna lọ́jà tí kò rántí orúkọ ẹ̀.

“Bàbá, mi ò mọ̀.”

“Ta ló kọ ọ́?”

“Èmi ni. Àmọ́ ẹ má yọ ọ́ o. Tí ẹ bá yọ ọ́, kò ní ṣiṣẹ́.”

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí, Àrẹ̀mú, ọkọ Fàdìlàt, tó ń sùn ti àpótí.

“Ojú mi ni gbogbo ẹ̀ ṣe, Bàbá. Ti Mahfuz kì í pariwo.”

“Ti Ishaq ńkọ́?”

“Òun náà ò pariwo.”

“Ó yí ẹyin di àárọ̀, o ò gbọ́ nǹkan kan?”

“Mo ti sùn, Bàbá.”

“O ní ojú ẹ ló ṣe.”

“Ojú mi ni. Ó wà ní pípadé.”

“Ìhanrun ẹ̀ ló bo mọ́tò mọ́lẹ̀,” ni Fàdìlàt wí.

Baálẹ̀ bọ́ gíláàsì. “Ishaq, ìwọ ni kó kọ àpótí yìí lónìí, ní Sí, kí ẹlòmíràn lè kà á tí o ò bá sí nílé. Mahfuz, ibi ìsinmi tí ògbufọ̀ ń pa rẹ́, ibẹ̀ nìkan ni tìẹ. Fi asẹ́ńbílì kọ ọ́ sáàárín ti Ishaq, kó kúrú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, kọ ìtumọ̀ ẹ̀ ní Yorùbá.”

“Ní Yorùbá, Bàbá?”

“Kí Àbíkẹ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ìlà tí kò bá yé e, ẹ ó yọ ọ́, ìwọ ó sì fọwọ́ ara ẹ ṣe iṣẹ́ ìlà náà. Ishaq á jókòó tì ọ́, á máa ka ení, èjì, ẹ̀ta sókè, kó o lè mọ ìgbà tó yẹ kó o yí ẹyin. Tó bá fo ọ̀kan, kó bẹ̀rẹ̀ látòkè.”

Kí oòrùn tó wọ̀, àpótí ti ń gbóná, ẹyin ti bọ́ sínú ẹ̀, mo ti gba itan mi padà. Mahfuz kúnlẹ̀ tì mí, ó ń ka ìlà ẹ̀.

“Ìyá àgbà, èyí ní kó kó òǹkà sínú àpò. Èyí ní kó yọ ọ̀kan kúrò. Èyí ní tí àpò ò bá tíì ṣófo, kó padà lọ yọ òmíràn. Ó yé yín?”

Ó yé mi. Ó mọ́ gaara bí omi kànga. Ṣùgbọ́n mo wo èèpo ẹyin tó fọ́ tí Fàdìlàt gbá jọ sẹ́nu ọ̀nà, tí wọn ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lé lórí, mo sì wo àwọn géńdé méjì tí wọ́n fẹ́ máa lọ sílé.

Mo ní ti ìkẹyìn yẹn ò yé mi.

Bí mo ṣe ń kọ eléyìí, ohùn Ishaq ti há, Mahfuz ń fi ọwọ́ yí ẹyin jẹ́jẹ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Kò tíì fọ́ ọ̀kan.