Ọ̀kẹ́ Kan Ààbọ̀ Ọwọ́ Káàdì

Ẹni tó bá dé fìlà kó ṣí i, ẹni tó bá jókòó kó dìde, nítorí ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kẹ́-Kan-Ààbọ̀ là ń pè é. Ọ̀kẹ́-Kan-Ààbọ̀ atakáàdì-má-jẹ, akin tí í jókòó sójú kan títí àga á fi máa bẹ̀bẹ̀!

Ṣọ́ọ̀bù awò ojú kan náà la jọ ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń gé awò, tí mò ń lọ etí rẹ̀ kó lè wọ férémù. Òun ló ń tọ́jú sítóò, tó ń ka férémù tó wọlé àti èyí tó jáde. Ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní olùtọ́jú sítóò lójú rẹ̀ o. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí, ni póòkà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn káàdì táwọn èèyàn ń bá ara wọn ta lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà. Ó ní òun ṣì ń fi ṣe ààbọ̀ iṣẹ́ ná ni, kí ọ̀gá wa má baà sunkún bí òun bá fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀.

Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé, "Ṣé ò ń jẹ?" Ó wò mí tàánú-tàánú.

"Ọmọdé ló ń béèrè bóyá mo jẹ," ó ní. "Àgbà ń béèrè iye ọwọ́ tí mo ta. Jíjẹ kò sí níkàáwọ́ mi, iye ló wà níkàáwọ́ mi. Àfojúsùn, ọ̀rẹ́ mi, àfojúsùn!"

Tí wọ́n bá pín káàdì lẹ́ẹ̀kan, bó o ta á, bó o jù ú sílẹ̀, ọwọ́ kan nìyẹn. Àfojúsùn rẹ̀ lóṣù jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n ọwọ́, èyí táwọn àgbà ń pè ní ọ̀kẹ́ kan ààbọ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ ti wá. Ó kọ ọ́ sára pátákó funfun ńlá kan, ó gbé e kọ́ ògiri yàrá kejì nílé rẹ̀, níbi tí tábìlì àti kọ̀ǹpútà káàdì rẹ̀ wà, ó fi gègé aláwọ̀ mẹ́ta pín in sí ọ̀sẹ̀, ó tún pín in sí ọjọ́. Ẹni tó bá rí pátákó yẹn á rò pé ogun ni wọ́n fẹ́ lọ jà.

Yàrá kejì yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ṣubú, egungun itan wọn ṣẹ́. Dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, ó ní kí wọ́n máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn títí ẹsẹ̀ á fi mókun. Orí àga gígùn ní pálọ̀ ni Màmá ń sùn, tí àlejò ń wọlé, tí àlejò ń jáde lójú wọn. Inú máa ń bí mi tí mo bá lọ kí wọn. Obìnrin ẹni àádọ́rin ọdún ń sùn ní pálọ̀, tábìlì sì ń sùn ní yàrá!

Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, ó sú u. "Ẹ gbé kọ̀ǹpútà yẹn jáde, kí màmá mi ráyè na ẹsẹ̀."

"Jẹ́ ká ṣe é bí àgbà," ó dáhùn. "Tí n kò bá fi ọwọ́ ara mi ta ọ̀kẹ́ kan ààbọ̀ kí Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù yìí tó parí, kí Màmá gba yàrá. Ṣùgbọ́n tó bá pé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tún bá mi sọ ọ̀rọ̀ yàrá yẹn mọ́."

Ìyàwó rẹ̀ gbà. Obìnrin yẹn kò mọ káàdì, ṣùgbọ́n ó mọ ọkọ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni férémù ti bẹ̀rẹ̀ sí í nira láti kà ní ṣọ́ọ̀bù wa. Tó bá ti di aago mẹ́sàn-án àárọ̀, Ọ̀kẹ́-Kan-Ààbọ̀ á wọ sítóò, á ti ilẹ̀kùn, ó di aago mọ́kànlá kó tó jáde. Pákó lásán ló wà láàárín èmi àti òun, mi ò sì gbọ́ kó ka ení, èjì rí. Mo yọjú lọ́jọ́ kan. Ó ṣí tábìlì káàdì mẹ́rin sójú fóònù kan ṣoṣo, ó ń tẹ bọ́tìnnì pupa, èyí tí wọ́n fi ń ju káàdì sílẹ̀, bí ẹni ń pa èèrà. Ọba méjì, káàdì tí gbogbo atakáàdì ń gbàdúrà fún, bọ́ sí i lọ́wọ́ lójú mi, ó jù wọ́n nù.

"Háà! Ọba méjì!" mo ní.

"Tí mo bá ta á, ìṣẹ́jú méjì ti lọ," ó ní, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Tí mo bá jù ú, ọwọ́ mẹ́jọ á ti wọlé."

Ẹ gbọ́ ọgbọ́n! Ọ̀gá wa sì ń fi í yangàn fún oníbàárà pé òun ò rí ẹni tó fara balẹ̀ ka ọjà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Sátidé dé. Ọ̀kẹ́-Kan-Ààbọ̀ pè wá sílé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí a wá fojú rí ọwọ́ tó kẹ́yìn. Ó pe ọ̀gá, ó pe àwọn aládùúgbò. Ó so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Màmá, ó sì wọ kóòtù. Òǹkà tó ń ṣírò ti fóònù àti ti kọ̀ǹpútà pọ̀ wà lókè, ọwọ́ mẹ́wàá péré ló sì fi sílẹ̀ fún wa. Ó tẹ pupa, ó tẹ pupa, a ń bá a kà á: "Mẹ́ta! Méjì! Ọ̀kan!" Òǹkà di ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Màmá ń fọwọ́ ra itan wọn, àánú wọn sì ṣe mí débi pé mi ò bá wọn pàtẹ́wọ́.

Ká ní ó pa tẹlifíṣọ̀n náà nígbà yẹn ni, ì bá ti bọ́.

"Ẹ dúró, ẹ jẹ́ n fi iṣẹ́ ọwọ́ mi hàn yín dáadáa," ó ní, ló bá tẹ ibi tí wọ́n kọ "Àkópọ̀" sí. Ó dá mi lójú pé kò tẹ ibẹ̀ rí, torí iye nìkan ló máa ń wò. Òpó gígùn òpó kúkúrú bo tẹlifíṣọ̀n, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ti ìrọ̀lẹ́ kúrú. Ti aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá àárọ̀ ga dé òkè, láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, jálẹ̀ oṣù: ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún ọwọ́.

Ọ̀gá wa bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un fi sójú.

"Aago mẹ́sàn-án àárọ̀? Ṣé kì í ṣe inú sítóò mi lo máa ń wà ní aago mẹ́sàn-án?"

Ọ̀kẹ́-Kan-Ààbọ̀ wo ọ̀gá, ó wo ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ wá balẹ̀ sórí àga gígùn.

"Ọ̀gá, èmi kọ́ o! Màmá ni. Mo máa ń ṣí i sílẹ̀ fún wọn láàárọ̀ kí wọ́n fi ṣeré."

Ìyàwó rẹ̀ dìde. "Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún yẹn, màmá mi ló ta á?"

"Gbogbo ẹ̀!"

"Kò sí ọ̀kan tó jẹ́ tiyín níbẹ̀?"

"Mo búra!"

"Ẹ ṣeun. Ó ku ẹgbẹ̀rún méjìlá tí ẹ fi ọwọ́ ara yín ta."

Tí ọkọ rẹ̀ bá ní òun ló ta á, iṣẹ́ lọ. Tó bá ní òun kọ́, yàrá lọ.

Ọ̀gá kọjú sí Màmá. "Ṣé lóòótọ́ ni, Màmá? Ẹ mọ póòkà ta?"

Màmá tún ìrọ̀rí ẹsẹ̀ wọn ṣe. "Èmi ni, ọmọ mi. Ọkọ ọmọ mi kì í purọ́. Kí ló tiẹ̀ le níbẹ̀? Tí wọ́n bá ti pín káàdì, kéèyàn ṣáà tẹ bọ́tìnnì pupa. Ṣé ẹ rí i kó tẹ òmíràn ni?"

Ẹ̀rín pa wá, a fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú tábìlì dé. Tòun ti kóòtù lọ́rùn ni ọkùnrin náà ń gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ jáde lójú gbogbo wa, èmi àti ìyàwó rẹ̀ sì gbé bẹ́ẹ̀dì tí tábìlì ti lé jáde padà wọlé. Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Lọ́jọ́ Ajé, èmi àti ìwọ la jọ máa wọ sítóò. Wàá máa ka férémù sókè, màá máa gbọ́."

Màmá na ẹsẹ̀ gbọọrọ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n wá pè é láti inú yàrá.

"Ọkọ ọmọ mi! Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún tèmi, méjìlá tìẹ. Ṣebí èmi ni mo borí?"

Ó wo ọ̀gá. Ọ̀gá ń wò ó.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ borí."