Ìpàdé Tí Kọ̀ǹpútà Bàbá Akọ̀wé Pè

Ṣé ẹ mọ bó ṣe jẹ́ tí àwọn àgbà àdúgbò Òkè-Ìrókò fi máa ń sọ ọ́ lówe pé, ẹni tó bá jí arúgbó lójú oorun, kó jókòó gbọ́ ìtàn? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. N kò bá yín wí. Òwe náà kò tíì ju ọdún mẹ́ta lọ, àwọn tó ń pa á sì ń ṣe bí ẹni pé ọwọ́ baba ńlá wọn ni wọ́n ti jogún rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìdajì irun orí rẹ̀ ni wọ́n tíì gé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Láyíwọlá onígbàjámọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni, ó mọ irun gé, ṣùgbọ́n inú ń bí i. Kì í ṣe pé ẹnì kan ṣẹ̀ ẹ́. Bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń jí tí wọ́n ń wẹ̀, bẹ́ẹ̀ lòun ń jí tí inú ń bí i. Bí iṣẹ́ bá dilẹ̀, géèmù bọ́ọ̀lù ló máa ń gbá lórí kọ̀ǹpútà, á sì máa fi í hàn tààrà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ó gbé pátákó kan kọ́ sókè ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: Ọ̀GÁ BỌ́Ọ̀LÙ. Oníbàárà tó bá ka pátákó náà tó rẹ́rìn-ín kì í fi irun tó dọ́gba jáde níbẹ̀.

Fákúnlé tó ń lẹ táyà ní òdìkejì títì, òun náà ń gbá géèmù. Ó wo pátákó yìí títí, ó sú u.

"Ọ̀gá ta ni?" ló wí. "Jẹ́ ká gbá a lójú gbogbo ayé. Bí mo bá nà ọ́, ìwọ fúnra rẹ ni wàá tú pátákó yẹn, wàá sì rù ú wá fún mi."

Láyíwọlá ní òun gbà. Wọ́n fi í sí Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ku ogún ìṣẹ́jú. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe: ẹni tó bá dá eré dúró ti pàdánù. Fákúnlé ló mú òfin yìí wá, torí Láyíwọlá a máa dá eré dúró láti lọ bínú, á sì padà wá gbá a.

Wàyí o, kọ̀ǹpútà Láyíwọlá kò lè ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀. Bó bá ń gbá géèmù tó tún ń fi í ránṣẹ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, á gbóná bí ààrò, àwọn agbábọ́ọ̀lù inú rẹ̀ á wá máa tiro bí ẹni tí sòbìà ń dà láàmú. Òǹwòran kan ló kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i pé, "Ọ̀gá, ẹ wá kọ̀ǹpútà ògbólógbòó kan. Kí tuntun máa gbá bọ́ọ̀lù, kí ògbólógbòó máa fi í ránṣẹ́. Ẹni tó ń se ọbẹ̀ kọ́ ló yẹ kó tún máa bù ú."

Ògbólógbòó kan wà nílé. Ó wà ní pálọ̀ bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Bàbá Akọ̀wé ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá náà, torí ọdún mọ́kànlélógún ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ bíbí Òkè-Ìrókò. Nígbà tí ojú wọn ń ṣe bàìbàì, wọ́n fi ohùn ara wọn ka ètò ìpàdé àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà náà, wọ́n sì ṣètò rẹ̀ kó máa sọ ọ́ fúnra rẹ̀ bí àkókò ìpàdé bá tó. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n fẹ̀yìn tì. Kọ̀ǹpútà náà fẹ̀yìn tì. Ọdún mẹ́rìndínlógún, ẹnikẹ́ni kò tàn án.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ lo kọ̀ǹpútà yín."

"Àwa méjèèjì la jọ fẹ̀yìn tì," ni Bàbá Akọ̀wé wí. "O sì mọ ohun tí mo máa ń ṣe bí wọ́n bá jí mi."

Láyíwọlá mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá jí Bàbá lójú oorun ọ̀sán á gbọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ gbọ̀ngàn ìlú, láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó pọnmi.

"Ẹ̀rọ ni, sà. Ẹ̀rọ kì í pìtàn."

"Ó dáa," ni Bàbá wí, wọ́n sì padà sùn.

Nígbà tó di Sátidé, Láyíwọlá gbé kọ̀ǹpútà náà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ogójì ìṣẹ́jú ló fi jí. Ó wúkọ́, ó tu eruku, ó kọ ọ́ sójú pé: AKỌ̀WÉ, Ẹ KÁÀBỌ̀. Bó ṣe kan íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí, ó béèrè aago àti ọjọ́ oṣù, ó tún tirẹ̀ ṣe. Láyíwọlá rí i, ó ní ẹ̀rọ náà gbọ́n. Ìgbà yẹn ló yẹ kẹ́rù bà á.

Eré bẹ̀rẹ̀. Bàbá Onípákó, àgbà tó ń ta pákó nísàlẹ̀ títì, ló wà lórí àga, ìdajì irun wọn ti lọ. Láyíwọlá ní kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀. Ògbólógbòó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, àwòrán ń lọ geere, igba òǹwòran ló ń wò ó. Láyíwọlá gbá góòlù kan, ó gbá ìkejì. Ó ku díẹ̀ kó rẹ́rìn-ín.

Aago mẹ́rin lù, àkókò tí ẹgbẹ́ máa ń ṣèpàdé ní Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù. Bọ́ọ̀lù pòórá lójú àwọn òǹwòran, àmì ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ló yọ, ohùn Bàbá Akọ̀wé sì bú jáde, ohùn ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn, nígbà tó ṣì le:

"Ẹ̀yin ọmọ bíbí Òkè-Ìrókò, ẹ dìde fún àdúrà ìbẹ̀rẹ̀."

"Pa ẹnu rẹ dé," ni Láyíwọlá wí, kò gbé ojú kúrò lórí géèmù.

Bàbá Onípákó ti wà lórí ìdúró, aṣọ lọ́rùn, ojú ní dídì. "Bàbá rẹ lo ń sọ bẹ́ẹ̀ sí?"

"Kọ̀ǹpútà ni, sà."

"Ohùn ta ni?"

Láyíwọlá ń tẹ páàdì géèmù ọwọ́ rẹ̀ lọ.

"Dìde. Gbé nǹkan ọwọ́ rẹ sílẹ̀. Ta ló kọ́ ọ láti máa di nǹkan mọ́wọ́ gbàdúrà?"

Ọmọ tí a kọ́ ni Láyíwọlá, pẹ̀lú gbogbo ìbínú rẹ̀. Ó gbé páàdì sílẹ̀, ó dìde. Àdúrà náà kan àwọn aláìsàn, ó kan àwọn tó wà lójú ọ̀nà, ó kan àwọn aboyún. Kó tó dórí àwọn tó wà lókè òkun, Fákúnlé ti gbá góòlù mẹ́ta sí i lára. Àwọn òǹwòran ń kọ "Àmín" ránṣẹ́. Wọ́n ti pé ẹgbẹ̀rin.

Bí wọ́n ṣe ṣe àmín ìkẹyìn, Láyíwọlá fò mọ́ ògbólógbòó, ó fa wáyà rẹ̀ yọ. Kò kú. Bàbá Akọ̀wé ti so ó mọ́ bátìrì, kí ìpàdé má baà dà bí iná bá lọ, Láyíwọlá fúnra rẹ̀ sì ti gbé bátìrì náà síná láàárọ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sójú pé: ÌPÀDÉ Ń LỌ LỌ́WỌ́. Ẹ JÓKÒÓ. Fákúnlé gbá ìkẹrin.

"Àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá," ni ohùn náà wí. "Ọ̀rọ̀ gíláàsì fèrèsé gbọ̀ngàn ìlú tí bọ́ọ̀lù fọ́."

Láyíwọlá tún tẹ bọ́tìnnì náà léraléra. Ní òdìkejì títì, Fákúnlé, tó ń gbọ́ ọ lórí fóònù, gbé páàdì tirẹ̀ sílẹ̀.

"Akọ̀wé jẹ́ kí ìpàdé mọ̀ pé Láyíwọlá ọmọ òun ti jẹ́wọ́ nílé pé òun lòun gbá bọ́ọ̀lù náà, kì í ṣe Fákúnlé. Ó ní àárín òpó góòlù lòun ń gbá a sí. Ìpàdé béèrè ibi tí gbọ̀ngàn wà sí i. Akọ̀wé ní ẹ̀yìn ọmọ náà ló wà. Ìpàdé béèrè bó ṣe ṣeé ṣe. Akọ̀wé ní òun kò mọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí Fákúnlé ti fi ọlidé gé koríko gbọ̀ngàn tán nítorí gíláàsì náà, ìpàdé pinnu pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kó gbọ́ títí láé. Ọ̀gbẹ́ni Onípákó ló dá a lábàá."

Bàbá Onípákó bẹ̀rẹ̀ sí í wá fìlà.

Òǹwòran kan kọ ọ́ pé, "Ẹ̀yìn ló gbá a sí?" Òmíràn kọ ọ́ pé, "Ọ̀gá Bọ́ọ̀lù." Wọ́n ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì. Lórí kọ̀ǹpútà tuntun, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbá géèmù mọ́, agbábọ́ọ̀lù Láyíwọlá kan ronú fúnra rẹ̀, ó dá bọ́ọ̀lù padà sẹ́yìn, ó wọ àwọ̀n tiwọn. Eré parí síbẹ̀. Márùn-ún sí méjì.

Fákúnlé wọlé. Kò pariwo.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà," ló wí. "Ejò lé mi lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilé-ìwé fi wọlé."

"Jẹ́ kí n tú pátákó náà fún ọ," ni Láyíwọlá wí.

"Kí ni n óò fi ṣe? Àdá ni mo mú wá. Koríko gbọ̀ngàn ti hù."

Bàbá Akọ̀wé dé, ohùn ara wọn ló jí wọn. Láyíwọlá kọjú sí wọn, inú ń bí i dé ibi tí kò bí i dé rí. "Bàbá, ẹ̀rọ yín ti bayé mi jẹ́."

"Oorun ló ń sùn," ni Bàbá wí. "Jókòó. Pípe orúkọ ló kù."

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Bàbá Onípákó ń kọjá lẹ́bàá gbọ̀ngàn ìlú, irun wọn ṣì wà ní ìdajì, torí onígbàjámọ̀ wà nínú koríko. Bàbá Onípákó béèrè pé kí ló dé tí Láyíwọlá fi gbà láti gé koríko láìjà. Láyíwọlá kò gbé orí sókè. Ó fi àdá lu koríko bí ẹni pé koríko ló dá àbá. Ó ní, "Ẹni tó bá jí arúgbó lójú oorun, kó jókòó gbọ́ ìtàn."

Bàbá Onípákó rò ó wò. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà dùn létí, wọ́n gbé e lọ sílé. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ń sọ fáwọn èèyàn pé òwe àwọn àgbà ni.