Nọ́ńbà Kẹtàdínlógún Kò Jẹun fún Ọdún Mọ́kànlá

Dókítà àgbọ̀n kan wà ládùúgbò wa tí kò wo ẹnu èèyàn fún ọdún mẹ́jọ. Kì í ṣe pé ojú ń dùn ún. Ó ní ojú a máa tan èèyàn jẹ, ẹnu sì ń rùn.

Nítorí Náà là ń pè é. Òun náà mọ̀, inú ẹ̀ sì ń dùn sí i. Tá a bá fẹ́ kí i dáadáa, a ó ní: Nítorí Náà, ọkọ Bí-Ó-Bá-Jẹ́-Pé! A-wo-àgbọ̀n-láì-rí-àgbọ̀n! Bàbá ńlá Kò-Lè-Ṣe-Kó-Má-Rí-Bẹ́ẹ̀! Á fa táì ẹ̀ sókè, á máa rìn lọ bíi pé ó ń ṣe ilẹ̀ lóore.

Yàrá iṣẹ́ ẹ̀ kò ní iná, kò ní dígí, kò ní àga tí aláìsàn ń rọ̀gbọ̀kú sí. Pátákó dúdú kan ló wà níbẹ̀, àti ṣọ́ọ̀kì, àti fọ́tò òun fúnra ẹ̀ mẹ́ta. Nínú fọ́tò kẹta, fọ́tò kejì ló ń wò.

Ohun tó fi ń mọ àìsàn, lọ́jíìkì ló pè é. Ó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi rí.

"Bàbá, àgbọ̀n tí oríkèé ẹ̀ bá bàjẹ́ máa ń dún. Àgbọ̀n yìí ń dún. Nítorí náà, oríkèé ẹ̀ ti bàjẹ́. Ṣé ó yé yín?"

Mo ní ó yé mi. Mo ní òbúkọ máa ń ní irùngbọ̀n. Èmi náà ní irùngbọ̀n.

Ó ní mi ò kàwé. Òótọ́ ni. Ìwé kẹta ni mo ti kúrò níléèwé. Káfíńtà ni mí.

Fọ́ọ̀mù ló fi ń ṣe gbogbo ẹ̀. Ìbéèrè méje, bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá. Ẹni tó bá kọ "nígbà mìíràn" síbẹ̀, wọ́n á dá a padà fún un. Kò sí orúkọ, nọ́ńbà ni. Ó ní téèyàn bá ti mọ orúkọ aláìsàn, àánú á wọlé, lọ́jíìkì á sì jáde. Akọ̀wé ẹ̀, obìnrin kan tí ọwọ́ ẹ̀ yá, ló ń gba fọ́ọ̀mù lójú fèrèsé. Á tì í sábẹ́ ilẹ̀kùn yàrá ọ̀gá ẹ̀. Ìdájọ́ á gba abẹ́ ilẹ̀kùn kan náà jáde, òǹtẹ̀ pupa lórí ẹ̀.

Mo sin ìyàwó mi lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Télọ̀ ni. Ó ti tó oṣù méjì tí àgbọ̀n ẹ̀ lápá òsì ti ń ro ó. Ó ń dún kẹ́ tó bá ń yán, kò sì ṣí ju ìka méjì lọ mọ́. Nọ́ńbà kẹrìndínlógún ni wọ́n fún un. Kò tíì jókòó dáadáa tí ìdájọ́ fi jáde:

"Oríkèé ti bàjẹ́. Nítorí náà, a ó fi wáyà de eyín òkè mọ́ tìsàlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó má baà dún mọ́. Ọjọ́bọ̀."

Ìyàwó mi kan ilẹ̀kùn. "Dókítà, ẹ ò tíì wò mí!"

Ohùn dáhùn látinú yàrá. "Ìyá, tí mo bá wò yín, kí ló máa yàtọ̀?"

"Ẹ máa rí mi!"

"Mo ti rí yín nínú fọ́ọ̀mù."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Omi ọbẹ̀ nìkan ni á máa mu. Kò ní sọ̀rọ̀. Àwọn aládùúgbò ń kí mi kú oríire, wọ́n ní ìsinmi mi dé. Mi ò rẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kàndínlógójì lèmi àtobìnrin yẹn ti jọ ń jiyàn, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ilé tí kò bá ti sí ohùn ẹ̀ níbẹ̀. Òun náà ń sunkún ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀rù wáyà ń bà á, ìrora ò sì jẹ́ kó lè kọ̀. Kò sí dókítà àgbọ̀n mìíràn nítòsí.

Bá a ṣe ń jáde lọ́jọ́ náà, akọ̀wé pè mí.

"Bàbá káfíńtà, ẹ ṣàánú wa. Ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn yìí fẹ́ dójú tì wá. Àwọn àgbà dókítà ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ wá wo iṣẹ́ ọ̀gá mi. Tó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, fọ́ọ̀mù yìí ni gbogbo ilé ìwòsàn á máa lò."

"Màá wá tún un ṣe lọ́la."

"Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ ká kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù."

"Fọ́ọ̀mù ilẹ̀kùn?"

"Oríṣi kan ṣoṣo la ní, bàbá. Ọ̀gá ti pàṣẹ. Ohunkóhun tó bá ń ṣe ohunkóhun nínú ilé yìí, inú fọ́ọ̀mù ni kó gbà dé ọ̀dọ̀ òun." Ó ti mú bírò. "Ṣé ó máa ń dún tó bá ń ṣí?"

"Wọ́n ń gbọ́ ọ ní òpópónà kejì."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó máa ń ṣí tán?"

"Rárá."

"Ṣé ó máa ń fì sápá kan?"

"Apá òsì. Hínjì òkè ti yẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó máa ń há?"

"Ó máa ń há dáadáa."

"Ṣé òtútù máa ń jẹ́ kó le sí i?"

"Tójò bá ti rọ̀, igi á wú."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé nǹkan ti gbá a rí?"

Àwa méjèèjì wo ara wa. Àràárọ̀ ni Nítorí Náà ń ta ilẹ̀kùn yẹn nípàá kó tó wọlé. Akọ̀wé kọ bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó ku ẹyọ kan. Ṣé ó máa ń jẹun dáadáa?"

"Ilẹ̀kùn? Kì í jẹun rárá."

"Rárá, nìyẹn. Láti ìgbà wo?"

"Látọjọ́ tí mo ti gbé e síbẹ̀. Ọdún mọ́kànlá."

Ó kọ ọ́. Ó fún un ní nọ́ńbà kẹtàdínlógún, ó tì í sábẹ́ ilẹ̀kùn ọ̀gá, ó ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan títí ìdájọ́ á fi jáde. Mo gbé irinṣẹ́ mi dé lọ́jọ́ kejì. Kò jáde. Lọ́jọ́ kẹta, kò jáde. Akọ̀wé ní ọ̀gá ń gbé fọ́ọ̀mù náà yí yàrá ká, ó ń dá nìkan rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀ pé. Àwọn àgbà dókítà mẹ́rin dé. Ìyá arúgbó kan ló ṣáájú, ó fi okùn so awò ojú ẹ̀ mọ́ ọrùn. Màmá Dókítà ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀kùn ò ṣí tán fún wọn, wọ́n bá ń fẹ̀gbẹ́ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí Náà ló dé gbẹ̀yìn. Ó ta ilẹ̀kùn nípàá bó ṣe máa ń ṣe, ilẹ̀kùn ké, ó kọjá. Kò wò ó.

Gbọ̀ngàn kún. Iwájú ni ìyàwó mi wà, ìnura lọ́rùn, wáyà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tí Nítorí Náà bá ti sọ̀rọ̀ tán ni wọ́n máa dè é, kí àlejò lè rí i. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ̀yin àgbà," Nítorí Náà ní, "mi ò ní fi àìsàn yẹpẹrẹ gba àkókò yín. Nọ́ńbà kẹtàdínlógún! Látọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò rí irú ẹ̀ rí."

"Ṣé ẹ ti wá rí èyí?" Màmá Dókítà bi í.

"Mo rí fọ́ọ̀mù ẹ̀." Ó kọjú sí pátákó. "Ó ń dún. Kì í ṣí tán. Ó ń fì sápá kan. Ẹ wá gbọ́ èyí." Ó dúró títí ilé fi pa rọ́rọ́. "Kò jẹun fún ọdún mọ́kànlá!"

Gbogbo ilé hó. Àlejò kan béèrè pé, "Ó sì wà láàyè?"

"Òkú kì í gba fọ́ọ̀mù. Ó gba fọ́ọ̀mù. Nítorí náà, ó wà láàyè."

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ó tẹrí ba fún wọn, ó fi ṣọ́ọ̀kì tọ́ka síyàwó mi.

"Wáyà ló máa wò ó, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bíi ti ìyá yìí gẹ́lẹ́. Àìsàn kan náà ló ń ṣe àwọn méjèèjì. Ìdáhùn mẹ́fà nínú méje ló bára mu."

"Ẹ jẹ́ ká rí nọ́ńbà kẹtàdínlógún," Màmá Dókítà wí.

"Ẹ pè é!"

Akọ̀wé pè é. Kò sẹ́ni tó dìde. Ó tún pè é. Ó wá ṣí ìwé tó ń kọ nọ́ńbà sí, ó ń fi ìka tọ ìlà lọ. Ìka náà dúró.

"Ọ̀gá, ó ti wà níbí."

"Níbo?"

"Òun lẹ ta nípàá láàárọ̀ yìí."

Ariwo ta. "Ó ń ta aláìsàn nípàá!"

"Irọ́ ni! Ẹsẹ̀ mi ò kan ẹnikẹ́ni!"

Mo dìde, mo lọ fa ilẹ̀kùn. Ó ké kẹ́ẹ́ẹ́. Ó ṣí dé ìdajì, ó fì sósì, ó dúró síbẹ̀.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó," mo ní. "Nọ́ńbà kẹtàdínlógún rèé. Èmi ni bàbá ẹ̀."

Ẹ̀rín bẹ́. Ká ní òun náà bá wa rẹ́rìn-ín ni, bóyá ì bá parí síbẹ̀. Nítorí Náà kọ́.

"Ẹ dákẹ́! Lọ́jíìkì kì í purọ́! Ohun tó bá ní àrùn àgbọ̀n gbọ́dọ̀ ní àgbọ̀n. Ilẹ̀kùn yìí ní àrùn àgbọ̀n. Nítorí náà, ilẹ̀kùn yìí ní àgbọ̀n!"

"Eyín ẹ̀ ńkọ́?" Màmá Dókítà béèrè.

"Ẹni tí ò jẹun fún ọdún mọ́kànlá, eyín wo ló máa kù sí i lẹ́nu?"

Màmá Dókítà dìde. Ó béèrè omi, ó fọ ọwọ́ ẹ̀, ó nù ún gbẹ. Ó wá síwájú ìyàwó mi, ó fi ìka méjì méjì kan iwájú etí ẹ̀ lọ́tùn-ún lósì.

"Ẹ ya ẹnu, ìyá. Ẹ rọra. Ẹ pa á dé." Ó wo inú ẹnu náà pẹ́. "Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Télọ̀ ni mí, mà."

"Tẹ́ ẹ bá ń ránṣọ, ibo lẹ máa ń fi pínnì há?"

Ìyàwó mi wolẹ̀. Ó fọwọ́ kan eyín apá òsì.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún."

Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń wo pínnì yẹn lẹ́nu ẹ̀. Èmi náà ò rí i.

"Oríkèé yín ò bàjẹ́," Màmá Dókítà ní. "Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ wá nǹkan mìíràn máa gún pínnì mọ́. Ẹ máa fi aṣọ lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé e láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ sinmi ohun líle jíjẹ. Ẹ bá mi gbé wáyà yìí kúrò lójú mi."

"Ṣé mo lè máa sọ̀rọ̀, mà?"

"Ẹ máa sọ̀rọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ kí bàbá yìí gbọ́."

Nítorí Náà ti ń kó fọ́ọ̀mù ẹ̀ jọ. Ó ní òun ò ní dúró níbi tí wọ́n ti ń fi ìmọ̀ ṣẹ̀sín. Ó fa táì sókè, ó gba ọ̀nà ilẹ̀kùn lọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó ti fì padà, ó pa dé. Ó ti há.

Ó fà á. Ó tì í. Ó ta á nípàá. Gbogbo gbọ̀ngàn ń wò ó.

"Bàbá káfíńtà! Ẹ wá ṣí i!"

"Ẹ kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù," mo ní.

Akọ̀wé ti dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, bírò lọ́wọ́. "Ìbéèrè méje ni, ọ̀gá. Ṣé ó máa ń dún tó bá ń ṣí?"

"Fọ́ọ̀mù kí ni!" Òógùn ti bò ó. "Ṣé ẹ ò lójú ni? Ẹ wò ó! Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ ó rí ohun tó ń ṣe é!"

Màmá Dókítà gbé awò ẹ̀ sójú.

"Ẹ jọ̀ọ́, dókítà," ó ní, "ẹ tún un sọ."

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹnu ẹ̀ ṣí dé ìka méjì àtààbọ̀, ó dún kẹ́, etí gbogbo wa gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó de nǹkan kan.